Kókó ilé-ẹyin: kí ló dé tí wọ́n fi ní kí ẹ̀gbọ́n mi gba kímò ṣáájú iṣẹ́ abẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 52 ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí inú rẹ̀ ti ń wú, tó bá sì fẹnu kan oúnjẹ báyìí, ó ti yó. Wọ́n fa omi lítà 5 jáde nínú ikùn rẹ̀, CA-125 rẹ̀ (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ ilé-ẹyin) sì jẹ́ 1,240. Ohun tó wà nínú ìwé àyẹ̀wò ni high-grade serous carcinoma, irú jẹjẹrẹ ilé-ẹyin kan, stage (ìpele) IIIC. Dókítà ní kó gba kímò (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) ìgbà mẹ́ta ná kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọmọ aládùúgbò wa, ọmọ ọdún 19, ní kókó ilé-ẹyin tirẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un, ẹ̀gbẹ́ kan péré ni wọ́n yọ, ara rẹ̀ sì ti dá. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi àkókò ẹ̀gbọ́n mi ṣòfò ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Wọn ò fi àkókò ṣòfò. Àìsàn tó ṣe ọmọ aládùúgbò yín yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Ibi tí wọ́n ti hù nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Irú sẹ́ẹ̀lì tó bí kókó ni à ń kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà ni à ń béèrè ibi tó ti ràn dé. Ẹni tó bá ń fi bí kókó ṣe tóbi tó díwọ̀n ìtọ́jú yóò ṣìnà, nítorí kókó tó tó orí ọmọ tuntun lè máà ní jẹjẹrẹ kankan nínú, kí èyí tí kò ju ẹ̀pà lọ sì ti fọ́n ká gbogbo ikùn.

Obìnrin ní ilé-ẹyin méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì ilé-ọmọ, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó, ẹyin tó wà nínú rẹ̀, àti ẹran tó gbé ẹyin náà dúró, tó tún ń ṣe hòmóònù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè hu kókó tirẹ̀.

Nínú jẹjẹrẹ ilé-ẹyin mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ ti ìdílé awọ. High-grade serous tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀gbọ́n yín ló pọ̀ jù láàárín wọn. Àwọn onímọ̀ ti wá rí i pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ nínú ilé-ẹyin gan-an. Ẹnu túùbù tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé-ọmọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti là bí ìka ọwọ́ láti gba ẹyin. Ẹnu yẹn ṣí sílẹ̀ sínú ikùn, kò ní ìlẹ̀kùn. Sẹ́ẹ̀lì tó bá já níbẹ̀, inú omi díẹ̀ tó máa ń wà nínú ikùn ló ń bọ́ sí, omi á gbé e kiri, á sì so mọ́ ibi tó bá gúnlẹ̀ sí. Kì í dunni nígbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ná ọjà rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn fi lè dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ìpele kẹta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn ìjáfara kan ẹ̀gbọ́n yín.

Àwọn yòókù nínú ìdílé awọ ní ìwà tiwọn. Low-grade serous fi orúkọ jọ ti ẹ̀gbọ́n yín, ṣùgbọ́n ó máa ń rọra dàgbà, kímò kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, oògùn tó ń dènà hòmóònù bíi letrozole sì máa ń wúlò fún un. Clear cell àti endometrioid sábà máa ń bá endometriosis rìn, ìyẹn àìsàn tí awọ inú ilé-ọmọ fi ń hù sí ìta ilé-ọmọ. Clear cell tún máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Mucinous lè tóbi gan-an, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì sábà máa ń wà. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí kò sì tóbi, ó yẹ kí dókítà wo ìfun àti àpòlúkù dáadáa, bóyá ibẹ̀ ló ti ràn wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní borderline wà láàárín méjì: sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ wọ inú ẹran. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló sábà máa ń tó fún un.

Ìdílé ẹyin ni ti àwọn ọmọdébìnrin àti ọ̀dọ́, ibẹ̀ la sì máa ń rí dermoid, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á la á, wọ́n á bá irun, ọ̀rá, nígbà mìíràn eyín, nínú rẹ̀. Ní ilé wa, wọ́n á ní aráyé ló fi í sí i nínú. Sẹ́ẹ̀lì ẹyin ni Ọlọ́run dá láti di odindi èèyàn, nítorí náà bó bá ṣìwà hù, awọ, irun àti eyín ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ewu tó wà nínú dermoid ni kó yí lọ́rùn bí okùn tí wọ́n lọ́, kí ẹ̀jẹ̀ máà dé ilé-ẹyin mọ́: inú rírun òjijì pẹ̀lú èébì. Iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì nìyẹn, kò sí àgbo fún un. Jẹjẹrẹ inú ìdílé yìí, bíi dysgerminoma àti yolk sac, ló ń bá àwọn ọmọdé jà.

Ìdílé kẹta, ti ẹran tó ń ṣe hòmóònù, kò pọ̀. Granulosa máa ń ṣe hòmóònù obìnrin púpọ̀, tó fi jẹ́ pé ìyá àgbà tí kò rí nǹkan oṣù mọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀. Ó lè padà wá lẹ́yìn ọdún 10 tàbí 20. Fibroma tiẹ̀ tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ: kì í ṣe jẹjẹrẹ, síbẹ̀ ó lè kó omi sínú ikùn àti àyà, kí CA-125 sì lọ sókè, tí gbogbo ilé á ti máa sunkún. Bí wọ́n bá yọ kókó náà, omi á gbẹ. Ó tún kù àwọn tó ràn wá láti ibòmíràn: láti àpòlúkù, ìfun ńlá tàbí ọmú. Nínú àwọn ọmọdé ilẹ̀ wa, Burkitt, tó máa ń wú ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, lè wọ ilé-ẹyin méjèèjì; oògùn ló ń wo ó, kì í ṣe abẹ.

Ó yẹ kí ẹ ti rí ìdí tí mi ò fi ní fi CA-125 nìkan ṣe ẹ̀rí. Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi dẹ́rù bani. 35 ni òpin rẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n fàíbírọ́ìdì, endometriosis, oyún, àní nǹkan oṣù lásán, lè gbé e kọjá ibẹ̀. Lódì kejì, nínú àwọn tó wà ní ìpele kìn-ín-ní, bí ìdajì ni tiwọn kì í ga. Èyí tó sì ń tan dókítà jẹ jù nílẹ̀ wa ni ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ikùn: aláìsàn á rù, omi á kún inú rẹ̀, CA-125 á wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, scan á fi ọ̀rá tó ti nípọn hàn. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ oṣù mẹ́fà ló ń wo ìyẹn. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi dókítà ni pé: ṣé ẹran ni wọ́n gé wò, àbí omi nìkan? Ẹran ló dára jù, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá gé e lára ọ̀rá ikùn lójú scan. Bó bá jẹ́ pé omi nìkan ló ṣeé ṣe, ó yẹ kí ó pọ̀, kí láàbù sì kó sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ jọ sójú kan bíi ẹran, kí wọ́n lè kun ún ní àwọ̀ WT1, PAX8 àti p53 tó ń fi irú ìdílé hàn. Kí wọ́n tún yẹ CEA wò nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tí jẹjẹrẹ ìfun sábà máa ń gbé sókè. Ẹ pín CA-125 sí iye CEA: bó bá kọjá 25, ilé-ẹyin ló ṣeé ṣe kó jẹ́ orísun, bó bá kéré sí i, ẹ wo ìfun àti àpòlúkù. Bí CEA ẹ̀gbọ́n yín bá jẹ́ 4, 310 ni yóò jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ gan-an. Nígbà mìíràn, ilé ìwòsàn tó yọ kókó á kó o sínú ọ̀rá nylon tàbí omi iyọ̀, á fún ẹbí pé kí wọ́n gbé e lọ sí láàbù. Wọ́n á gbé e sínú mọ́tò fún wákàtí mélòó kan nínú oòrùn, ó ti ń jẹrà kó tó débẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè kà á mọ́ lábẹ́ maikrosíkóòpù. Formalin ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí ó wà nínú rẹ̀, kí omi náà sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Bí kókó bá tóbi, kí wọ́n là á kí formalin lè wọ inú rẹ̀. Ní láàbù, ó yẹ kí wọ́n gé bíi ègé kan fún sẹ̀ǹtímítà kan gígùn rẹ̀. Ẹni tó bá gé méjì péré nínú kókó sẹ̀ǹtímítà 20 lè pe jẹjẹrẹ ní borderline.

Nípa IIIC: FIGO, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn dókítà obìnrin, ló ṣètò ìpele yìí, wọ́n sì tún un ṣe ní 2014. Ní ìpele I, kò tíì kúrò nínú ilé-ẹyin: A jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, B jẹ́ méjèèjì. C ni ìgbà tí èèpo rẹ̀ ti fọ́ tàbí tí sẹ́ẹ̀lì ti wà nínú omi, yálà dókítà ló fọ́ ọ lásìkò iṣẹ́ abẹ tàbí ó ti fọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ rí ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gún kókó tí a fura sí: abẹ́rẹ́ kan lè sọ IA di IC, kó sì fi kímò kún ìtọ́jú ẹni tí abẹ nìkan ìbá tó fún. (Omi ikùn tí wọ́n fà fún ẹ̀gbọ́n yín kò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò fọ́ ohunkóhun, ó sì jẹ́ kó mí.) Ìpele II ti dé ilé-ọmọ, túùbù, àpòòtọ̀ tàbí ìsàlẹ̀ ìfun, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá egungun ìbàdí sókè.

Ìpele III ni ti ẹ̀gbọ́n yín. Ó ti kúrò nísàlẹ̀, ó ti so mọ́ awọ tó tẹ́ inú ikùn, tàbí ó ti wọ inú àwọn kókó kéékèèké tó ń sẹ́ omi ara lẹ́yìn ikùn. Bó bá jẹ́ pé maikrosíkóòpù nìkan ló rí i, tàbí inú àwọn kókó kéékèèké yẹn nìkan ló wà, A ni. Bó bá hàn sójú ṣùgbọ́n tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, B. Bó bá ju 2 lọ, C. Bí ẹ bá ti dúró ti alápatà rí nígbà tó ń la inú àgbò Iléyá, ẹ ti rí ọ̀rá funfun tó tẹ́ bíi léèsì bo ìfun. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ yìí fẹ́ràn jù. Ọ̀rá tó yẹ kó fẹ́lẹ́ débi tí ẹ máa rí ọwọ́ yín nínú rẹ̀ á ti ki, á le bí àkàrà tó sùn mọ́jú. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀dọ̀ ṣì wà ní IIIC. Èyí tó bá wọ inú ẹran ẹ̀dọ̀ ti di IVB. Bí omi bá wà ní àyà, kí wọ́n fà á wò, nítorí bí sẹ́ẹ̀lì bá wà nínú rẹ̀, IVA nìyẹn. Ẹ béèrè bóyá CT tí wọ́n ṣe dé àyà.

Ó wá kan ìdí tí kímò fi ṣáájú. Nínú àìsàn yìí, iye tó bá ṣẹ́ kù sínú ikùn lẹ́yìn abẹ ló ń sọ bí ọjọ́ aláìsàn ṣe máa gùn tó ju ohunkóhun mìíràn tí dókítà lè ṣe lọ. Ohun tí à ń wá ni kó máà ku ohun tí ojú lè rí. Bí aláìsàn bá lágbára, tí dókítà tó mọ iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ obìnrin sì rò pé òun lè kó gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan, kí wọ́n gé e kíá ló tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi lítà 5 wà nínú rẹ̀, tí kò jẹun, tí èròjà albumin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tí ọ̀rá ikùn rẹ̀ ti di pákó, bí wọ́n bá là á lónìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kó díẹ̀, kí wọ́n fi púpọ̀ sílẹ̀, kí ojú abẹ máà tètè jiná, kí kímò sì falẹ̀. Ìwádìí ńlá méjì, tí èsì wọn jáde ní 2010 àti 2015, fi hàn pé nínú irú àwọn aláìsàn báyìí, kímò mẹ́ta ná, kí abẹ tẹ̀ lé e, kí kímò mẹ́ta tún tẹ̀ lé e, kò dín ẹ̀mí kù sí kí abẹ ṣáájú, ewu abẹ sì dín kù. Èmi ò rí àṣìṣe nínú ohun tí dókítà yín sọ. Ohun tó máa jẹ́ àṣìṣe ni kí ara rẹ̀ yá lẹ́yìn kímò kejì, kí omi gbẹ, kí ẹ sì ní iṣẹ́ abẹ kò pọn dandan mọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, pàápàá bí owó bá ń tán. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó iṣẹ́ abẹ láti ìsinsìnyí.

Oògùn méjì ló sábà máa ń jẹ́: paclitaxel àti carboplatin, lọ́jọ́ kan náà, lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 21. Wọ́n ń fi gíga àti ìwọ̀n ara ṣírò paclitaxel, mílígírámù 175 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan; ẹni tó bá ní 1.7 á gba bíi 300, fún wákàtí mẹ́ta, ṣáájú carboplatin. Kíndìnrín ni wọ́n fi ń ṣírò carboplatin: wọ́n á fi 25 kún agbára kíndìnrín, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìlọ́po 5 tàbí 6. Bí kíndìnrín rẹ̀ bá jẹ́ 90, 5 lọ́nà 115 jẹ́ 575 mílígírámù. Nítorí náà, bó bá ṣu ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ méjì, tàbí tó mu àgbo tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ìṣirò ti yí padà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó so omi kọ́. Paclitaxel lè mú kí ara kọ̀ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́: ojú á pọ́n, àyà á há. Ìdí nìyẹn tí dexamethasone àti oògùn ara yíyún fi máa ń ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó lo dexamethasone láti alẹ́ àná, kó má gbàgbé. Kí nọ́ọ̀sì lo rọ́bà tí kì í ṣe PVC, pẹ̀lú asẹ́ lójú rẹ̀, nítorí oògùn yìí ń yọ ohun tó wà nínú rọ́bà lásán jáde.

Ṣáájú ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Neutrophil (ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò jà) ní láti tó 1.5, platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dá) 100. Láàárín ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹrìnlá ni ẹ̀jẹ̀ funfun máa ń lọ sílẹ̀ jù. Ẹ ra tẹmómítà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38, láàárín òru ni o, lójú ọ̀sán ni o, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹ má fún un ní oògùn ibà kẹ́ ẹ wá máa wo bó ṣe ń ṣe, nítorí wákàtí kan ló yẹ kí oògùn kòkòrò ti wọ iṣan rẹ̀ lẹ́yìn tó bá débẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tàbí tí èémí rẹ̀ dédé kúrú, ẹ̀jẹ̀ dídì ni ká kọ́kọ́ rò. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á kú tipiri díẹ̀. Bí kò bá lè de bọ́tìnnì mọ́, kó sọ, kí wọ́n lè dín paclitaxel kù.

Ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn kímò kẹta, tí scan bá fi hàn pé ó ti súnkì, wọ́n á là á láti òkè ìdodo dé ìsàlẹ̀, ní òòró. Ojú abẹ tó dábùú nísàlẹ̀ bíi ti ìbímọ kò ní jẹ́ kí ọwọ́ dé abẹ́ awọ tó pín àyà àti ikùn níyà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ wò. Wọ́n á yọ ilé-ọmọ, túùbù àti ilé-ẹyin méjèèjì, ọ̀rá tó bo ìfun, àti gbogbo èyí tó bá hàn lára awọ ikùn. Nígbà mìíràn wọ́n á gé ìfun díẹ̀. Àwọn kókó tó ń sẹ́ omi ara, bí wọn ò bá wú, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀: ìwádìí tó jáde ní 2019 fi hàn pé yíyọ wọn nínú àìsàn tó ti dé ìpele yìí kò fi ọjọ́ kún ọjọ́, ìpalára ló ń fi kún un. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì á tẹ̀ lé e fún ọjọ́ 28. Ẹ béèrè iye irú iṣẹ́ abẹ yìí tí ẹni tó máa ṣe é ń ṣe lọ́dún. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìwọ̀sí.

Ọmọ aládùúgbò yín ńkọ́? Ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́jú rẹ̀ fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí tirẹ̀ jẹ́ ti ìdílé ẹyin. AFP, hCG àti LDH, èròjà mẹ́ta inú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n máa ń wò lára irú rẹ̀. Kókó irú yìí máa ń yọ́ fún kímò bí iyọ̀ nínú omi, débi pé bó bá tiẹ̀ ti ràn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ilé-ọmọ àti ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ kó lè bímọ. Oògùn mẹ́ta ni, bleomycin, etoposide àti cisplatin, ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹnikẹ́ni bá fún ẹ̀gbọ́n yín ní irú rẹ̀ nítorí pé ó ran ọmọ yẹn lọ́wọ́, ìyà ló fi jẹ ẹ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín: high-grade serous ìpele kẹta sábà máa ń padà wá, àmọ́ ọ̀pọ̀ aláìsàn ń rí ọdún púpọ̀ láàárín, àwọn kan kò sì rí i mọ́. Bó bá ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn kímò ìkẹyìn kó tó padà, carboplatin ṣì lè ṣiṣẹ́. Ohun tó ti yí ọ̀rọ̀ padà láti 2018 ni olaparib, oníhóró, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn kímò, fún àwọn tí jíìnì BRCA wọn bàjẹ́, ìyẹn jíìnì méjì (BRCA1 àti BRCA2) tó ń dènà jẹjẹrẹ, tí ọmọ sì lè jogún bíbàjẹ́ wọn. Owó rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, kí wọ́n mọ̀ ná bóyá ó yẹ fún un.

Àyẹ̀wò BRCA yẹn kan ẹ̀yin náà. Nínú ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2018, lára àwọn obìnrin Nàìjíríà 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, BRCA1 ti bàjẹ́ nínú ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, BRCA2 nínú ìdá 4. Ara wa ló wà, kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Bí ti ẹ̀gbọ́n yín bá bàjẹ́, ìlàjì ni ó ṣeé ṣe kí tiyín rí bẹ́ẹ̀, kí ti ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bí, ọkùnrin tàbí obìnrin, sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní BRCA1 tó bàjẹ́ ń ru ewu jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún títí dé ọdún 80. Fún gbogbo obìnrin lápapọ̀, kò ju bí ìdá kan àti díẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kó yọ túùbù àti ilé-ẹyin láàárín ọdún 35 sí 40, bó bá ti bímọ tán. Scan àti CA-125 lọ́dọọdún kò lè rọ́pò ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ, ẹ gba ẹ̀dà ìwé histology (èsì àyẹ̀wò ẹran) àti CD scan, kẹ́ ẹ sì béèrè fún block, ìyẹn ẹran tí wọ́n rì sínú àbẹ́là ní láàbù. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n láti ara rẹ̀ ni láàbù mìíràn á ti lè tún ẹjọ́ náà wò, kí wọ́n sì yẹ BRCA wò, láìtún gé ẹ̀gbọ́n yín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fi í sínú mọ́tò tó gbóná; àbẹ́là ni, ó lè yọ́.